Rìkọ́dà DVD Tó Yẹ fún Fídíò Ìdílé

Rìkọ́dà DVD ni ẹ̀rọ tó máa ń gba àwòrán àti ohùn láti ara ẹ̀rọ mìíràn, yálà ẹ̀rọ fídíò, kámẹ́rà tàbí tẹlifíṣọ̀n, tí yóò sì kọ ọ́ sórí àwo DVD. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ DVD lásán, nítorí ìyẹn kò mọ̀ ju kó ka ohun tí wọ́n ti kọ sórí àwo lọ. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún ará ilé, Pioneer DVR-1000, jáde ní Japan ní 1999. Kò pẹ́ sí i tí Panasonic, Philips, Sony, Toshiba, JVC, Samsung àti LG náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Gbígba ètò orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rà á fún nígbà náà. Iṣẹ́ tó kù fún un lónìí ni gbígbé fídíò ìdílé kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì kí ó tó bàjẹ́. Iṣẹ́ yìí ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á fi sọ́kàn, nítorí ẹ̀rọ tó mọ ètò tẹlifíṣọ̀n gbà dáadáa lè má wúlò rárá fún kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni VHS, tí ilé-iṣẹ́ JVC gbé jáde ní Japan ní 1976. Nílẹ̀ Yorùbá, òun ni àwọn oníkámẹ́rà fi ń gba ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìwúyè àti òkú àgbà sílẹ̀ kí àwo VCD tó gbòde. Tẹ́èpù inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi àtè lẹ ẹ̀tù mágnẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ̀tù yìí ló di àwòrán mú, àtè ló sì di ẹ̀tù mú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára mágnẹ́ẹ̀tì ń rẹlẹ̀, àtè ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń rin bíi Èkó àti gbogbo ìlú etí òkun, tẹ́èpù máa ń tètè bu. Ẹni tó bá gbé kásẹ́ẹ̀tì sí ìmọ́lẹ̀, tó sì wo inú rẹ̀ láti ojú fèrèsé kékeré tó wà lára rẹ̀, yóò rí i kedere. Etí tẹ́èpù tí wọ́n ká, tó yẹ kó dúdú kó sì máa dán, yóò ti ní ohun funfun lára bí ẹni wọ́n ẹlùbọ́ sí i. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ fídíò tó dára láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, torí ohun funfun yẹn yóò lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, yóò sì ti ibẹ̀ ran kásẹ́ẹ̀tì tó kù.

Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń lọ. Ilé-iṣẹ́ Funai ti Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, jáwọ́ ní oṣù keje ọdún 2016, torí àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà ti ṣòro rí rà. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, National Film and Sound Archive ti Ọsirélíà ti gbé ìwé kan jáde tó fi ọdún 2025 ṣe gbèdéke. Wọ́n ní ohun tí wọn kò bá tíì gbé kúrò lórí tẹ́èpù mágnẹ́ẹ̀tì títí di ìgbà náà, ó ṣeé ṣe kó sọnù pátápátá. UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn olùpamọ́ ohùn àti àwòrán lágbàáyé, náà ké gbàjarè bẹ́ẹ̀ ní 2019. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìpamọ́ ńláńlá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà kò ní àtè tó yàtọ̀ sí tiwọn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn fi yan rìkọ́dà ni bí ó ti ń ṣe sí àwòrán tí kò dúró sójú kan. Ìlà 625 ló para pọ̀ di àwòrán kan ní ìlànà PAL tí Nàìjíríà ń lò, àwòrán 25 ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lásìkò tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́èpù tó ti nà, tàbí tí ẹ̀rọ kò fà dáadáa, máa ń mú kí ìlà kan yá kí òmíràn sì pẹ́. Tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì àtijọ́ máa ń mú un mọ́ra. Òpó ilé á kàn tẹ̀ díẹ̀ lókè, ẹ̀gbẹ́ àwòrán á máa gbọ̀n, àwọn ará ilé á sì máa wò ó lọ. Rìkọ́dà DVD kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lè sọ àwòrán di díjítà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwòrán á dì gbagidi fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ohùn máa ṣáájú ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ̀rọ náà dúró pátápátá, kó sì kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òfin kò gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ìyẹn máa ń rú àwọn ènìyàn lójú, nígbà tó jẹ́ pé ìgbéyàwó òbí wọn ni wọ́n ń gbà. Macrovision ló fà á, ọgbọ́n tí àwọn tó ń ta fíìmù fi ń dènà ẹ̀dà. Àmì kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú àwọn ìlà òkè àwòrán tí ojú kì í rí. Tẹ́èpù tó ti gbó lè máa gbọ̀n níbẹ̀ gan-an, rìkọ́dà á sì ṣì í mú fún àmì yẹn.

Àwọn rìkọ́dà kan ní ẹ̀yà tó ń dá ìlà wọ̀nyí dúró, tó ń tò wọ́n kí ó tó kọ wọ́n sílẹ̀. Time base corrector ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, TBC ní ìkékúrú. Panasonic DMR-ES10 àti DMR-ES15 lókìkí nídìí èyí dé ibi pé àwọn tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sílẹ̀ máa ń gbé wọn sáàárín ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rọ mìíràn tó ń gbà, láìfi àwo kankan sínú wọn, kí wọ́n ṣáà lè bá wọn to àwòrán. Ìwé ìpolówó kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ gbé kásẹ́ẹ̀tì tó burú jù nílé dání, kó fi dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á. Kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ kì í tú àṣírí ẹ̀rọ.

Oríṣi rìkọ́dà mẹ́ta ló wà lọ́jà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ń kọ sórí àwo nìkan. Òmíràn ní ẹ̀rọ fídíò VHS nínú ara kan náà: kásẹ́ẹ̀tì á wọ apá kan, àwo á wọ apá kejì, bọ́tìnnì kan péré ni wọ́n á tẹ̀. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ń fa ojú mọ́ra, ó sì tó fún ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ tó sì ṣì mọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé apá fídíò inú rẹ̀ kì í sábà dára tó ẹ̀rọ fídíò tó dá dúró, bí apá kan bá sì bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ yóò dá èkejì dúró. Ewu mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ alápá méjì yìí kì í ṣe rìkọ́dà. Wọ́n ń ka kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ka àwo, ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ ohunkóhun sórí àwo. Kí ẹni tó ń rà wo ojú ẹ̀rọ bóyá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ REC sí wà ní apá DVD, àti bóyá àmì DVD-R tàbí DVD+R wà lára rẹ̀.

Oríṣi kẹta ní hard disk nínú, òun ló sì dára jù fún iṣẹ́ yìí. Àwo tí wọ́n ń kọ ní tààrà kò gba àṣìṣe. Bí tẹ́èpù bá há, bí wọ́n bá gbàgbé láti dá ẹ̀rọ dúró, ohun tó ti wọ orí DVD-R kò ṣeé pa rẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Lórí hard disk, wọ́n lè gba kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n fara balẹ̀ wò ó, kí wọ́n gé ibi tí oníkámẹ́rà ti gbàgbé kámẹ́rà ní títàn tó sì ń ya bàtà àwọn ènìyàn, kí wọ́n sọ apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n dà á sórí àwo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí pé ohunkóhun dín kù nínú àwòrán. Wọ́n lè dà á sórí àwo méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn ọmọ ìyá tó wà káàkiri láì tún fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ. Àǹfààní ìkẹyìn yìí ló tóbi jù fún tẹ́èpù tó ti di ẹlẹgẹ́, torí gbogbo ìgbà tó bá yí kọjá lára hẹ́ẹ̀dì ló ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Panasonic DMR-EH50 àti DMR-EH55 wà nínú irú wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wákàtí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fídíò ìdílé ti bàjẹ́ láìnídìí. Àwo DVD onípele kan ń gba gígábáìtì 4.7. Rìkọ́dà jẹ́ kí olówó rẹ̀ pinnu iye wákàtí tó fẹ́ kó sínú ààyè yẹn: XP jẹ́ wákàtí kan, SP jẹ́ méjì, LP jẹ́ mẹ́rin, EP jẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Bí wákàtí bá ti ń pọ̀ sí i ni àwòrán ń ṣá sí i. MPEG-2 tí DVD ń lò kì í kọ gbogbo àwòrán tán lọ́kọ̀ọ̀kan; ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì ló máa ń kọ jù. Nígbà tí ìyá ìyàwó bá jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, iṣẹ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ijó bá gbóná, tí àwọn ẹbí nínú léèsì aláràbarà bo olórin, tí owó ń já bọ́ láti iwájú orí, tí iná aláwọ̀ mèremère sì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn wọn, gbogbo ojú àwòrán ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní EP, ibẹ̀ yóò fọ́ sí igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ojú ẹni tí wọ́n ń náwó fún kò sì ní ṣeé dá mọ̀ mọ́. Tẹ́èpù tó ti gbó tún ń dá kún un, nítorí gbogbo ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń jó lójú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà sí ìyípadà.

Àwọn kan ń jiyàn pé LP tó fún VHS. Ẹjọ́ wọn kò ṣófo pátápátá: àwòrán DVD ti PAL jẹ́ 720 lórí 576, ọ̀pọ̀ rìkọ́dà sì ń gé ìbú rẹ̀ sí 352 ní LP, VHS fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìlà 240 lọ ní ìbú. Ṣùgbọ́n ìbú nìkan kọ́ ni wàhálà, ijó ni. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 tó kún jẹ́ wákàtí mẹ́ta. Kí wọ́n pín in sórí àwo méjì ní SP, kí wọ́n má fún un sórí ẹyọ kan. Àwo kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹlòmíràn tó bí ó ti kan ìdílé Yorùbá ni ìlànà tẹlifíṣọ̀n, torí ìdílé kan lè ní kásẹ́ẹ̀tì láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Kásẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ PAL, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì láti London kì í fa wàhálà ní Ìbàdàn. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ NTSC, tó ní ìlà 525 àti nǹkan bí àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kúbà. Benin àti Togo gba SECAM lọ́wọ́ Faransé, ìlà 625 ni tiwọn pẹ̀lú, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí kásẹ́ẹ̀tì láti Kútọnu fi lè hàn ní dúdú àti funfun nínú ẹ̀rọ Èkó. Brazil ní PAL-M, tó fi àwọ̀ PAL sórí ìlà 525.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n tà ní Nàìjíríà lè fi kásẹ́ẹ̀tì NTSC hàn lórí tẹlifíṣọ̀n PAL, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé ìṣòro ti tán. Kò tán. Ohun tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ àdàlù tí wọ́n ń pè ní PAL 60, tẹlifíṣọ̀n gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rìkọ́dà DVD kò gbà á: àwọ̀ á lọ, tàbí àwòrán á máa yí. Ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Houston tàbí New York ti fi kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ fídíò tó ń mú ojúlówó NTSC jáde àti rìkọ́dà tó ń gba NTSC. Ó sì lè bẹ ẹbí kan lọ́hùn-ún kó bá òun gbà wọ́n níbẹ̀, kó fi àwo ránṣẹ́. Àwo NTSC kì í sábà fa wàhálà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD ní Nàìjíríà ń ka méjèèjì.

Ní ti wáyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn, ni gbogbo ẹ̀rọ ní. S-Video dára ju yẹ́lò lọ, torí ó ń ya ìmọ́lẹ̀ àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ S-VHS àti àwọn kámẹ́rà Hi8 ló sábà ní in. Ẹni tí fídíò rẹ̀ wà lórí MiniDV tàbí Digital8 gbọ́dọ̀ ra rìkọ́dà tó ní ihò DV, nítorí àwòrán wọn ti jẹ́ díjítà tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi wáyà yẹ́lò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Àwo tí wọ́n máa kọ ọ́ sí ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ. Àwọn rìkọ́dà Philips ìgbà àkọ́kọ́ fẹ́ DVD+R, ti Panasonic fẹ́ DVD-R àti DVD-RAM. Àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn sábà máa ń gba méjèèjì. Fún ìpamọ́, DVD-R tàbí DVD+R tí wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n lò. Èyí tó ṣeé pa rẹ́, DVD-RW, kò yẹ fún ohun tí ènìyàn fẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí. Aró tí ìtànṣán ẹ̀rọ ń jó ló wà lára DVD-R àti DVD+R. Oòrùn àti ooru ń pa aró náà, àwo olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ sì lè kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Verbatim àti Taiyo Yuden (tó ti ṣíwọ́ ṣíṣe àwo ní 2015) ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti ń gbára lé jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú pọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ NIST ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2003 gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa fi àwo sí òró nínú páálí ike rẹ̀, kí wọ́n má lẹ bébà mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi bírò onírọ̀rọ̀ tí yíǹkì rẹ̀ jẹ́ olómi kọ̀wé sí i.

Nígbà tí kíkọ bá parí, àṣẹ kan ṣì kù, Finalize. Àwo tí wọn kò bá ṣe é fún kì í sábà ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó kọ ọ́. Bí rìkọ́dà náà bá kú kí wọ́n tó rántí, ó lè jẹ́ pé àwo náà ti bá a kú.

Tòkunbọ̀ ni rìkọ́dà tí ènìyàn máa rí ní ọjà Alaba tàbí Computer Village ní Èkó lónìí, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ fún ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á láìsí rìmóòtù rẹ̀. Finalize, yíyan wákàtí, gígé àwòrán, ọ̀pọ̀ wọn kò ní bọ́tìnnì kankan lójú ẹ̀rọ, rìmóòtù nìkan ló ń pe wọ́n. Ìtànṣán inú ẹ̀rọ tó ń kọ àwo ló sì máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti rẹ̀ lè máa ka fíìmù geere síbẹ̀ kí ó má lè kọ nǹkan kan. Kí wọ́n mú àwo tuntun lọ sọ́jà, kí wọ́n gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sórí rẹ̀, kí wọ́n ṣe Finalize, kí wọ́n sì fi àwo náà sínú ẹ̀rọ mìíràn kí wọ́n tó sanwó. Kí wọ́n tún wo ẹ̀yìn rẹ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì ń lo iná fóltì 230, ti Amẹ́ríkà ń lo 120. Bí wọ́n bá ki ti Amẹ́ríkà bọ iná Nàìjíríà láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, á jó lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò tíì tán. Bí iná bá lọ nígbà tí àwo ṣì ń yí, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ bàjẹ́, tẹ́èpù á sì há mọ́ hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ fídíò. Kí rìkọ́dà àti ẹ̀rọ fídíò jọ wà lórí ínfátà tàbí UPS kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwo DVD kan ṣoṣo kì í ṣe ìpamọ́. Kí wọ́n kọ méjì, kí ọ̀kan wà nílé mìíràn, kí wọ́n sì da ohun tó wà nínú fódà VIDEO_TS rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àti hard disk tó ṣeé gbé kiri, torí kọ̀ǹpútà tó ní ihò àwo ti ń wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ di ìdọ̀tí lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ju tiwọn nù nígbà tí wọ́n gbé e sórí VCD, tí àwòrán rẹ̀ kò ju 352 lórí 288 lọ. VCD nìkan ló kù fún wọn báyìí, àwòrán rẹ̀ kò sì lè dára ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lè tún un gbà lọ́nà tó dára.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká ẹyọ kan péré, kó ra rìkọ́dà tó ní hard disk, tó ní rìmóòtù, tó sì gba kásẹ́ẹ̀tì tó burú jù nílé láìdúró, kó sì wá ẹ̀rọ fídíò tó dára tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó dàgbà jù, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sí láyé mọ́, ni kó kọ́kọ́ gbà.